Páálí ọmọlángidi Star Wars tí bàbá mi kó bọ̀ láti Leicester: báwo ni mo ṣe lè mọ ohun tí mo ní?

ỌmọÒkèÀdó:

Ẹ̀yin ará, mo kí gbogbo yín o. Ní ọdún tó kọjá ni bàbá mi re ibi àgbà ń rè, nígbà tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin sì ń palẹ̀ yàrá wọn mọ́ ní Òkè-Àdó, nílùú Ìbàdàn, a rí páálí kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì tí àwa méjèèjì ti gbàgbé pé ó wà láyé. Àwọn ọmọlángidi kéékèèké inú fíìmù Star Wars ni ó kún inú rẹ̀, èyí tí bàbá wa ń rà fún wa nígbà tí wọ́n ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Leicester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti ọdún 1979 títí di 1985. Nígbàkúùgbà tí wọ́n bá wá sílé ni wọ́n máa ń mú mẹ́rin tàbí márùn-ún bọ̀ láàárín aṣọ nínú àpótí wọn, àwa a sì máa fi wọ́n ṣeré nínú iyanrìn ẹ̀yìnkùlé títí ilẹ̀ yóò fi ṣú tí màmá yóò fi pè wá wọlé. A kò tíì wo fíìmù náà rárá nígbà yẹn. Àwa fúnra wa ni a ń hun ìtàn wọn.

Mo kà wọ́n, mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n. Púpọ̀ nínú wọn kò ní ìbọn tàbí idà lọ́wọ́ mọ́, apá ọmọlángidi méjì ti kán, ara àwọn mìíràn sì ń lẹ̀ mọ́ ènìyàn lọ́wọ́ bí ẹni pé epo wà lára wọn. Méjì wà tí a kò tú kúrò lára páálí wọn rí, èdè mẹ́ta ni wọ́n sì fi kọ orúkọ fíìmù sí ara páálí náà. Ilé ńlá kan tí wọ́n fi páálí ṣe wà nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹrù tó wà lórí rẹ̀ ti tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ. Ọ̀kan tún wà tí ojú rẹ̀ gùn bí ojú ràkúnmí, tí kò mú nǹkan kan lọ́wọ́, tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi kò sì rántí orúkọ rẹ̀.

Mo gbé àwòrán díẹ̀ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, kò sì pé wákàtí méjì tí ọkùnrin kan fi kọ̀wé sí mi pé òun yóò ra gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí n má wulẹ̀ yọ ara mi lẹ́nu láti máa tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìkánjú rẹ̀ ni ó kọ mí lóminú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi ṣàlàyé bí ènìyàn ṣe ń dá ojúlówó mọ̀ yàtọ̀ sí ayédèrú, ìdí tí ike kékeré báyìí fi lè pa owó, bóyá ó yẹ kí n fọ̀ wọ́n, àti bóyá ó bọ́gbọ́n mu kí n tà wọ́n pọ̀.

Akójọ_Manchester:

Ẹ kú àràfẹ́rakù bàbá. Kí Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere, kí ó sì dá ẹ̀yin ọmọ sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì dá ọkùnrin yẹn lóhùn. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń kó irú àwọn ọmọlángidi yìí jọ ní Manchester níbí, ẹni tó bá sì ní kí ẹ má tò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ti rí ọ̀kan nínú àwòrán yín tí òun nìkan mọ iye rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n gbé e láti ìbẹ̀rẹ̀. Ilé-iṣẹ́ Kenner, ní ìlú Cincinnati ní ìpínlẹ̀ Ohio lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, ni ó gba àṣẹ láti ṣe ohun ìṣeré Star Wars, lẹ́yìn tí Mego, tí ó jẹ́ ògbóǹtarìgì nídìí ọmọlángidi inú fíìmù àti tẹlifíṣọ̀n lákòókò náà, ti kọ̀ ọ́. Ó máa ń gba oṣù púpọ̀ láti gbẹ́ àwòṣe ọmọlángidi, láti ṣe irin tí wọn yóò máa da ike sí, láti rọ wọ́n ní Hong Kong, kí wọ́n sì fi ọkọ̀ ojú omi kó wọn dé Amẹ́ríkà. Nítorí náà, nígbà tí fíìmù náà jáde ní oṣù Karùn-ún ọdún 1977, tí àwọn ènìyàn ń tò dé ojú títì láti wò ó, Kenner kò ní ọmọlángidi kan ṣoṣo nílẹ̀. Kérésìmesì dé bá wọn bẹ́ẹ̀. Ohun tí wọ́n gbé sórí àtẹ ni páálí pẹlẹbẹ kan tí ìwé wà nínú rẹ̀: òbí yóò rà á, yóò fi ìwé náà ránṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́, tó bá sì di ọdún 1978, wọn yóò fi ọmọlángidi mẹ́rin ránṣẹ́ sí ọmọ náà nílé, èyíinì ni Luke Skywalker, Leia, Chewbacca àti R2-D2. N kì í lè ronú nípa òbí tó gbé irú páálí òfìfo bẹ́ẹ̀ fún ọmọ ní àárọ̀ Kérésìmesì kí ọkàn mi má fà sí wọn. Síbẹ̀, wọ́n rà á.

Ìtóbi wọn náà ní ìdí. Kí Star Wars tó dé, ọmọlángidi tó ga tó ẹsẹ̀ bàtà kan ni Kenner fúnra rẹ̀ ń tà. Ṣùgbọ́n fíìmù yìí kún fún ọkọ̀ òfuurufú. Bí ọmọlángidi bá ga tó bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ tí yóò gbà á yóò fẹ́ẹ̀ tó tábìlì, kò sì sí òbí tí apá rẹ̀ yóò ká a. Wọ́n wá dín gíga wọn kù sí íńṣì mẹ́ta àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, kí ọmọ lè kó wọn sínú ọkọ̀, kí ó sì tún máa béèrè òmíràn. Láti ìgbà náà ni àwọn ilé-iṣẹ́ mìíràn ti ń tẹ̀lé ìwọ̀n yẹn.

Tiyín yàtọ̀ díẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà, ohun tó sì mú inú mi dùn sí ìbéèrè yín nìyẹn. Ní Coalville, ìlú kékeré kan ní agbègbè Leicestershire kan náà tí bàbá ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ni ilé-iṣẹ́ Palitoy wà, òun ni ó sì ń ta ohun ìṣeré Star Wars nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Àwọn ni wọ́n ti ṣe Action Man, ọmọlángidi ológun, láti ọdún 1966, ilé-iṣẹ́ General Mills ti Amẹ́ríkà tó ni Kenner sì rà wọ́n ní ọdún 1968. Ilé páálí tí ẹ sọ pé ó ti tẹ̀ yẹn, bí ó bá ní yàrá púpọ̀ tí wọ́n ya àwòrán ẹ̀rọ sí ara ògiri rẹ̀, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ Death Star, ibùdó ogun ńlá inú fíìmù náà, ti Palitoy. Ti Kenner ní Amẹ́ríkà, ike ni, ó ní àjà lórí àjà bí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ti Palitoy ni wọ́n fi páálí ṣe. Òjò, ikán àti ẹsẹ̀ ọmọdé ti pa púpọ̀ nínú wọn run, nítorí náà, ẹ má ṣe jù ú nù bó ti wù kí ó rí. Páálí onédè mẹ́ta náà bá ìtàn mu: lẹ́yìn tí fíìmù kẹta jáde ní ọdún 1983 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orúkọ rẹ̀ ní èdè Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Sípéènì pọ̀ sí ara páálí kan ṣoṣo, kí ó lè ṣeé tà káàkiri Yúróòpù.

Láti mọ ojúlówó, ẹ yí ọmọlángidi kọ̀ọ̀kan padà kí ẹ wo ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀ pẹ̀lú dígí tó ń sọ nǹkan di ńlá. Ẹ ó rí ọdún kan, lẹ́tà díẹ̀, àti lọ́pọ̀ ìgbà orúkọ ibi tí wọ́n ti ṣe é: Hong Kong, Taiwan, China tàbí Macau. Àwọn kan wà tí kò ní orúkọ ibì kankan, èyí nìkan kò sì sọ wọ́n di ayédèrú. Ọdún tí ẹ bá rí níbẹ̀, ọdún tí wọ́n fi orúkọ sílẹ̀ pé àwọn ni àwọn ni àwòrán náà ni, kì í ṣe ọdún tí wọ́n rọ ọmọlángidi náà. Èyí tí a kọ 1977 sí lè jẹ́ èyí tí wọ́n ṣe ní 1983. Ìbọn àti idà ni ayédèrú ti pọ̀ jù, nítorí pé àwọn nǹkan náà ni ọmọdé kọ́kọ́ ń sọ nù, ìbọn tí kò tó ìdajì ìka sì lè pa owó ju ọmọlángidi tó mú un lọ́wọ́ lọ. Ẹ gbọn ìsàlẹ̀ páálí yẹn dáadáa, kí ẹ sì yẹ gbogbo ìtẹ̀pọ̀ rẹ̀ wò kí ẹ tó da ìdọ̀tí inú rẹ̀ nù.

Ní ti ọlọ́jú ràkúnmí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ fi àwòrán rẹ̀ hàn wá láti iwájú àti ẹ̀yìn. Ní ọdún 1985, nígbà tí ọkàn àwọn ọmọdé ti ń kúrò lára Star Wars, Kenner mú ọmọlángidi mẹ́tàdínlógún kan jáde tí àwa akójọ ń pè ní mẹ́tàdínlógún ìkẹyìn. Ọ̀kan wà nínú wọn tó ń jẹ́ Yak Face tí wọn kò tà ní Amẹ́ríkà rárá, àmọ́ tí ó dé Yúróòpù àti Kánádà. Bí bàbá bá wà ní Leicester lọ́dún náà, kò ní yà mí lẹ́nu. N kò lè fọwọ́ sọ̀yà láì rí i, ṣùgbọ́n mo fura pé òun ni ọkùnrin yẹn rí.

Kí ẹ lè mọ bí ọ̀rọ̀ owó ṣe máa ń rí: ọ̀pọ̀ nínú mọ́kànlélọ́gbọ̀n yẹn, tí kò ní ìbọn, tí eré ti gbó, kò lè pa ju pọ́n-ùn díẹ̀ lọ, nítorí pé àràádọ́ta ọ̀kẹ́ ni wọ́n ṣe. Ìyàtọ̀ kékeré ni ó ń gbé owó gòkè. Ẹ wo Jawa, ẹ̀dá kúkurú kan inú fíìmù náà: èyí tó kọ́kọ́ jáde ní 1978 wọ ẹ̀wù ike. Kò pẹ́ tí Kenner fi ẹ̀wù aṣọ rọ́pò rẹ̀ nítorí pé ti ike náà kò jọjú lára ọmọlángidi tó kéré bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tó wọ ẹ̀wù ike náà ni gbogbo akójọ ń wá báyìí. (Ẹ ṣọ́ra, àwọn oníjìbìtì máa ń gé ẹ̀wù ike ọmọlángidi mìíràn láti fi wọ Jawa.) Èyí tó ga jù lọ kò tilẹ̀ dé ọjà rí. Ní ọdún 1979, Kenner polówó ọmọlángidi Boba Fett kan tí yóò máa ta ọfà láti ẹ̀yìn rẹ̀, ṣùgbọ́n ní ìparí ọdún 1978 ọmọ kékeré kan ti kú nígbà tí irú ọfà ike bẹ́ẹ̀ láti ara ohun ìṣeré ilé-iṣẹ́ mìíràn há a lọ́fun. Kenner lẹ ọfà náà pa kí wọ́n tó fi ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ. Àwọn àpẹẹrẹ díẹ̀ tí wọ́n ti ṣe nínú ilé-iṣẹ́ ni ó ṣẹ́ kù, ọ̀kan nínú wọn ni wọ́n sì tà ní gbàǹjo ní Amẹ́ríkà lọ́dún 2024 ní 525,000 dọ́là.

Agbẹjọ́rò_Ìkejà:

Ẹ kú àràfẹ́rakù o, ỌmọÒkèÀdó. Akójọ_Manchester ti ṣe gudugudu méje, mo kàn fẹ́ fi ọ̀rọ̀ díẹ̀ kún un nípa àwọn lẹ́tà tí ẹ ó rí ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀ wọn, nítorí pé ọ̀rọ̀ òfin ni wọ́n, iṣẹ́ mi sì nìyẹn.

Àwa Yorùbá mọ ìṣákọ́lẹ̀. Àgbẹ̀ tí kò ní ilẹ̀ a lọ bá onílẹ̀, onílẹ̀ a fi ààlà hàn án, a sì sọ irú ohun tó lè gbìn fún un, àgbẹ̀ náà a máa san ìṣákọ́lẹ̀ nígbà ìkórè, ṣùgbọ́n kò lè sọ láéláé pé òun ni òun ni ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni àdéhùn láàárín ẹni tó ni fíìmù àti ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré. Wọ́n á kọ ọ́ sínú ìwé irú ọjà tó lè ṣe, orílẹ̀-èdè tó lè tà á dé, ọdún tí àṣẹ náà yóò parí, àti ìdá tí yóò máa san nínú owó ọjà. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni iye kan tún máa ń wà tí ilé-iṣẹ́ gbọ́dọ̀ san, yálà ọjà tà tàbí kò tà. Ní ìparí, onílẹ̀ gbọ́dọ̀ wo àwòrán àti ojú ọmọlángidi kọ̀ọ̀kan kí ó sì fọwọ́ sí i kí wọ́n tó rọ ọ́.

Ẹ̀yin yóò wá béèrè pé ta ni onílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ Star Wars. Nígbà tí George Lucas ń bá ilé-iṣẹ́ fíìmù 20th Century-Fox ṣe àdéhùn, ó lè béèrè owó iṣẹ́ tó ju èyí tó gbà lọ, ṣùgbọ́n ẹ̀tọ́ lórí àwọn fíìmù tó máa tẹ̀lé e àti lórí ọjà tí wọ́n bá fi orúkọ fíìmù náà tà ni ó ń lépa. Wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀ fún un, nítorí pé lọ́jọ́ náà, ohun ìṣeré inú fíìmù kì í pa owó kan tó ṣe gúnmọ́: fíìmù a wà ní sinimá fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọmọdé a sì gbàgbé rẹ̀ kí ohun ìṣeré tó dé ọjà. Mo máa ń fi àdéhùn yẹn kọ́ àwọn ọ̀dọ́ agbẹjọ́rò tó wà lábẹ́ mi, pàápàá àwọn tó ń ṣojú òṣèré àti olórin tiwa tí wọ́n máa ń gba owó ojú ẹsẹ̀ tí wọ́n sì ń fi ẹ̀tọ́ ọjọ́ iwájú sílẹ̀ nínú ìwé tí wọn kò kà tán. Ó ń dùn mí púpọ̀ nígbà tí mo bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀.

Ní báyìí, lẹ́tà G.M.F.G.I. tí ẹ ó rí lára àwọn ti ìbẹ̀rẹ̀ dúró fún General Mills Fun Group Incorporated, tó ni Kenner, L.F.L. ni Lucasfilm Limited, ilé-iṣẹ́ Lucas fúnra rẹ̀. Ẹ kà wọ́n bí ẹni tó ń wo pérégún ní ààlà oko: ẹ ó rí i pé nínú àwọn tó dé lẹ́yìn, orúkọ onílẹ̀ ni ó gba ojú pérégún, orúkọ àgbẹ̀ tó gba ilẹ̀ kò sí níbẹ̀ mọ́.

Mego tó kọ àṣẹ náà kógbá wọlé ní ọdún 1983, ọdún kan lẹ́yìn tí ó lọ sí ilé-ẹjọ́ pé òun ti wọ gbèsè. N kò sọ pé Star Wars nìkan ni ó fà á, ṣùgbọ́n kò jàǹfààní níbẹ̀. Kenner pàápàá kò dúró lọ́wọ́ ẹnì kan: General Mills yọ ọ́ sọ́tọ̀ ní 1985, Tonka rà á ní 1987, Hasbro sì ra Tonka ní 1991, bẹ́ẹ̀ ni Kenner ṣe dé ọ̀dọ̀ Hasbro. Onílẹ̀ náà yí padà, nítorí pé Disney ra Lucasfilm ní ọdún 2012 ní owó tó lé ní bílíọ̀nù mẹ́rin dọ́là. Ẹni tó bá rò pé àṣẹ kì í ní ewu, kí ó wo Lego, ilé-iṣẹ́ ohun ìṣeré tí ọmọdé fi ń kọ́lé. Ọdún 1999 ni wọ́n kọ́kọ́ ta Star Wars tiwọn, ó sì tà wàràwàrà. Àmọ́ nígbà tó di ọdún 2003 tí kò sí fíìmù Star Wars tàbí ti Harry Potter tuntun kan ní sinimá, ọjà wọn wálẹ̀ gan-an, àdánù ọdún náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mú ilé-iṣẹ́ náà lọ. Oko aládùúgbò ni wọ́n gbójú lé, òjò kò sì rọ̀ síbẹ̀ lọ́dún yẹn.

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ọmọ mi. Mo ti ṣiṣẹ́ níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú nǹkan àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù fún ọdún púpọ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ fífọ̀ ni n ó dáhùn.

Ohun tó ń lẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́ yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Wọ́n máa ń po òróró kan mọ́ ike kí ó lè rọ̀, bí ọdún bá sì ti ń gorí ọdún, pàápàá nínú ooru, òróró náà a máa jáde sí ara ọmọlángidi bí òógùn. Bí o bá fi agbára fọ̀ ọ́, ìwọ yóò bó ọ̀dà ojú rẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó bá sì mọ̀ yóò rí i. Omi tí kò gbóná rárá, ọṣẹ ìfọwọ́ tó rọra díẹ̀ àti owú ni kí o lò, má sì fọwọ́ kan ojú àti gbogbo ibi tí wọ́n fi ọ̀dà kùn. Lẹ́yìn náà, jẹ́ kí atẹ́gùn gbẹ ẹ́ nínú ilé. Má sá a sóòrùn o. Oòrùn ni ó ń sọ ike funfun di pupa rúsúrúsú, àwọn kan sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ń kọ́ni pé kí a rẹ ẹ́ sínú hydrogen peroxide kí ó lè funfun padà. Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ó lè ba ike náà jẹ́.

Àwọn kan wà tí omi kò gbọ́dọ̀ kàn rárá. R2-D2 ní bébà tí wọ́n lẹ̀ yí ara rẹ̀ ká. Bí omi bá wọ abẹ́ rẹ̀, ó parí. C-3PO aláwọ̀ wúrà náà, ìpele tó tín-ín-rín lásán ni wúrà rẹ̀, aṣọ gbígbẹ tó rọ̀ ni kí o fi kàn án jẹ́jẹ́. Èyí tó wọ ẹ̀wù aṣọ, bọ́ ẹ̀wù náà kí o tó fọ ara rẹ̀. Apá tó kán, má fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́; kó o sínú àpò kékeré tirẹ̀ kí o sì kọ ọ́ sí i lára ti ẹni tí ó jẹ́.

Kó wọn sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ sínú láílọ́ọ̀nù tó mọ́, irú èyí tí a fi ń kó oúnjẹ sínú fìríìsà, kì í ṣe èyí tó nípọn tó ń rùn bíi rọ́bà, nítorí òun náà a máa làágùn lé wọn lórí. Kúrò lábẹ́ òrùlé páànù, kúrò nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Yàrá tí atẹ́gùn ń gbà ni kí wọ́n wà, nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ṣókùnkùn.

Tóbi_Houston:

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Ìbéèrè tèmi súnmọ́ èyí. Mo ní Funko Pop, àwọn ọmọlángidi olórí ńlá tí ilé-iṣẹ́ Funko ń ṣe, tó lé ní igba, mo sì tọ́jú páálí gbogbo wọn láì tú ọ̀kan. Ṣé bí mo bá fi wọ́n sílẹ̀ fún ogójì ọdún, àwọn ọmọ mi yóò rí ohun tí àwọn ará Òkè-Àdó rí yìí?

Akójọ_Manchester:

Tóbi, àbúrò mi, èmi náà ti tọ ọ̀nà yẹn. Nígbà tí fíìmù Star Wars tuntun jáde ní ọdún 1999, mo ra ogójì ọmọlángidi mo sì kó wọn sókè àjà láì tú wọn, mo ń rò pé mo ń tọ́jú owó ilé-ìwé àwọn ọmọ mi. Iye tí mo rà wọ́n náà ni mo lè tà wọ́n lónìí, bí mo bá tilẹ̀ rí oníbàárà. Gbogbo wa ni a rò bákan náà lọ́dún yẹn, gbogbo wa ni a sì tọ́jú páálí. Ọmọlángidi bàbá ỌmọÒkèÀdó wọ́n nítorí pé ẹnikẹ́ni kò rò pé yóò wọ́n: ọmọdé fi wọ́n ṣeré, ajá jẹ wọ́n, ìyá kó wọn dà nù, díẹ̀ ni ó yè. Nígbà tí wọ́n bá ṣe nǹkan torí kí a lè tọ́jú rẹ̀, tí gbogbo ayé sì tọ́jú rẹ̀, kí ni yóò sọ ọ́ di ọ̀wọ́n? Ní ọdún 2023, Funko fúnra rẹ̀ kéde pé òun yóò kó ọjà tí iye rẹ̀ wà láàárín 30 àti 36 mílíọ̀nù dọ́là dà nù nítorí pé àyè ìkó-ọjà-sí ti kún, owó ibi tí wọ́n kó o sí sì ti ju èrè tó lè mú wá lọ. Àwọn kan nínú tìrẹ lè wọ́n, pàápàá àwọn tí wọ́n ṣe níwọ̀nba, ṣùgbọ́n rà wọ́n torí pé o fẹ́ràn wọn. Tú díẹ̀ nínú wọn fún àwọn ọmọ.

ỌmọÒkèÀdó:

Ẹ̀yin àgbà, mo dúpẹ́ gidigidi. N kò mọ̀ pé ènìyàn lè rí ìmọ̀ tó pọ̀ tó báyìí gbà lọ́wọ́ àwọn tí kò mọ̀ ọ́n rí.

Lánàá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí pálọ̀ pẹ̀lú dígí tí bàbá fi ń kàwé, a sì yí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Mẹ́sàn-án ni ó ní G.M.F.G.I. àti 1977 ní ẹ̀yìn ẹsẹ̀, àwọn tó kù jẹ́ L.F.L. Jawa tiwa wọ ẹ̀wù aṣọ, nítorí náà kò sí owó ńlá níbẹ̀. Nígbà tí a gbọn páálí náà sórí bébà funfun, ìbọn kékeré mẹ́rin ni ó bọ́ sílẹ̀ láti inú ìtẹ̀pọ̀ ìsàlẹ̀ rẹ̀, pẹ̀lú iyanrìn ẹ̀yìnkùlé wa àtijọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò jẹ́ kí n da iyanrìn náà nù.

Akójọ_Manchester, mo ti fi àwòrán ọlọ́jú ràkúnmí ránṣẹ́ sí yín, ẹ sì ti dáhùn pé òun ni. Mo kọ̀wé sí ọkùnrin yẹn pé n kò tà wọ́n pọ̀ mọ́, ó sì fèsì lójú ẹsẹ̀ pé òun yóò sọ owó náà di ìlọ́po mẹ́ta bí mo bá lè yọ ẹyọ kan náà fún òun. A ó fi èyíinì sí gbàǹjo, pẹ̀lú àwọn méjì tó wà lára páálí, kí a sì fi owó rẹ̀ tún orí ibojì bàbá ṣe.

Ilé páálí náà ni a kò ní tà. Nígbà tí a ṣí i, a rí i pé bàbá ti fi bírò kọ orúkọ èmi àti ti ẹ̀gbọ́n mi sí abẹ́ rẹ̀, wọ́n fa ìlà sáàárín láti fi pín yàrá fún wa kí a má baà jà. Ìyá Ìbejì, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀nà wo ni a lè fi na páálí tó ti tẹ̀ láì jẹ́ kí bírò náà parẹ́?

Ìyá_Ìbejì_Peckham:

Má fi omi tàbí áyọ́ọ̀nù kàn án. Tú u sí wẹ́wẹ́ bí ó bá ṣeé tú láì ya, tẹ́ bébà funfun tó mọ́ sábẹ́ àti sórí apá kọ̀ọ̀kan, fi pákó pẹlẹbẹ lé e, kí o wá kó ìwé bàbá tó wúwo jù lọ sórí rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Máa pààrọ̀ bébà náà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí o sì ya àwòrán ibi tí bírò wà kí o tó bẹ̀rẹ̀.